Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù: Ìjàpá, Pijó àti Ẹrù Irin

Ọjọ́rú, Ìjẹ̀bú-Òde

Òjò kò jẹ́ ká jáde, nítorí náà ẹrù la fi gbogbo ọ̀sán dì lábẹ́ páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Bọ̀ọ̀dá. Ọkọ̀ méjì ló ń lọ. Tèmi ni Ìjàpá, Volkswagen 1300 tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Ti Bọ̀ọ̀dá ni Peugeot 504 tó ti Kàdúná wá. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ ti Ọ̀jọ́ àti ti Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ nílẹ̀ yìí. Nínú ọkọ̀ méjì yìí, kò sí èyí tí kò tíì lé ní ogójì ọdún.

Bọ̀ọ̀dá ni àbíkẹ́yìn nínú àwọn àbúrò bàbá mi. Ọkọ̀ gẹdú ló tún ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó títí irun rẹ̀ fi funfun. Àpótí irin kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ènìyàn méjì ń gbé, gbogbo irin tó ti rà láyé rẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀: sípánà, òòlù, kílíìpù, bóòtù tí òun fúnra rẹ̀ kò rántí ọkọ̀ tó ti yọ ọ́. Ó ní kí n kó tèmi náà síbẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, tí bẹ́ẹ̀tì bá já lójú òjò ńkọ́? Ṣé gbogbo èyí la ó máa tú sílẹ̀?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ọwọ́ mi ló ń wá sípánà, kì í ṣe ojú mi."

Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ ọwọ́ tirẹ̀ ni, kì í ṣe ọwọ́ mi, òun kọ́ ló sì máa ń bá mi rìn nígbà gbogbo.

Èmi kì í to irinṣẹ́ ní irú-sí-irú, kí sípánà wà pẹ̀lú sípánà, kí wáyà wà pẹ̀lú wáyà. Iṣẹ́ ni mo fi ń pín in. Télọ̀ bá mi rán àwọn àpò kánfáàsì kéékèèké tó ní okùn lẹ́nu. Ohun kọ̀ọ̀kan tó bá lè bà jẹ́ lójú ọ̀nà ní àpò tirẹ̀, gbogbo ohun tí àtúnṣe rẹ̀ sì ń béèrè wà nínú àpò yẹn, títí kan àkísà tí a ó fi nu ọwọ́. Nínú àpò bẹ́ẹ̀tì, fáànbẹ́ẹ̀tì (bẹ́ẹ̀tì tó ń yí fáànù) wà, sípánà 21 wà, sukudiráífà gígùn kan àti wáṣà púlì mélòó kan. Àpò iná ní kọ́ńtáàtì, kọndẹ́nsà, rótọ̀, púlọ́ọ̀gì méjì, fíìlà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) àti sukudiráífà kékeré. Róbà epo mítà kan, kílíìpù àti fílítà wà nínú ti epo. Wáyà kílọ́ọ̀ṣì àti wáyà tọ́tù wà pọ̀ pẹ̀lú pùláyà. Èyí fi hàn pé sukudiráífà wà ní ibi tó ju ẹyọ kan lọ, Bọ̀ọ̀dá sì sọ pé owó ni mo ń fi ṣòfò. Ní tèmi o, sukudiráífà mẹ́ta kò wọ́n tó kí ènìyàn sun ojú títì mọ́jú.

Ibi tí a ó kó o sí ló kù. Ìjàpá kò ní búùtù lẹ́yìn, ẹ́ńjìnì ló wà níbẹ̀. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, sípíà táyà dúró sí imú ọkọ̀, táǹkì epo wá wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń gba nǹkan bí 40 lítà. Mi ò fẹ́ irin kankan tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì epo. Irin tó bá ń gbọ̀n lára páànù lójoojúmọ́ yóò ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò, ìpẹtà yóò wọlé, ẹ̀yìn ìyẹn ni òórùn epo. Nítorí náà, kìkì inú róòmù sípíà táyà ni mò ń lò níwájú. Ihò àárín rẹ̀ jin dáadáa, ó sì ń ṣòfò. Láyé ọjọ́un, ilé iṣẹ́ Hazet ní Jámánì máa ń ṣe àpótí irinṣẹ́ róbótó kan tó wọ inú ihò yẹn gẹ́lẹ́. Àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ ń fi owó ńlá wá a báyìí. Abọ́ oúnjẹ alumíníọ́ọ̀mù onídèérí tí mo rà lọ́jà ni mo fi rọ́pò tèmi. Sípánà 10, 13, 17 àti 19 wà nínú rẹ̀, mo fi àkísà tí mo ti fi ọ́ìlì ra wé wọn, mo wá fi róbà tíúbù àtijọ́ de abọ́ náà mọ́ róòmù kí ó má baà mì. (Nínú Ìjàpá tèmi, atẹ́gùn inú sípíà táyà yìí kan náà ló ń ti omi tí a fi ń fọ gíláàsì. Ẹni tó bá ń fọ gíláàsì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé láti wọn atẹ́gùn rẹ̀.)

Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni ibi tó léwu jù, àwọn ènìyàn kì í sì í kà á sí. Apá ọ̀tún níbẹ̀ ni bátìrì wà. Síríǹgì ìjókòó jẹ́ irin. Tí ìdérí bátìrì bá ti sọnù, tí èrò tó wúwo bá wá jókòó sẹ́yìn, síríǹgì yóò kan orí bátìrì, koríko tó wà nínú ìjókòó yóò sì gbiná. Ìjàpá tó ti jóná nípa bẹ́ẹ̀ kò kéré. Ká wá sọ pé sípánà kan wà níbẹ̀ tó ń yí kiri! Mo gé róbà tíúbù nípọn bo orí bátìrì, mo dè é mọ́lẹ̀, jáàkì àti pákó rẹ̀ nìkan ni mo sì gbé sí apá òsì, mo so wọ́n mọ́ ara páànù. Jáàkì wúwo, ohun tó bá wúwo yẹ kí ó wà nílẹ̀, láàárín ọkọ̀.

Àwọn àpò kánfáàsì wọ kòtò tó wà lẹ́yìn ìjókòó ẹ̀yìn, èyí tí mo máa ń lò jù wà lókè. Ẹ̀rọ ìpaná wà lábẹ́ ẹsẹ̀ èrò iwájú, mo fi bóòtù mú un. Sí-kọ́ṣọ̀n wà lẹ́yìn ìjókòó mi, níbi tí mo ti lè fà á yọ láìsọ̀kalẹ̀.

Ohun tí mo kọ̀ láti gbé ńkọ́? Sípánà 36, ti nọ́ọ̀tì ńlá tó di wíìlì ẹ̀yìn mú. Agbára tí nọ́ọ̀tì yẹn ń béèrè kò sí lójú títì. Tó bá dé orí ìyẹn, ọkọ̀ tó ń fa ọkọ̀ la nílò. Mi ò gbé gáskẹ́ẹ̀tì ẹ́ńjìnì odidi, mi ò gbé písítìnì. Bọ̀ọ̀dá gbé písítìnì méjì. Mo bi í léèrè ibi tó ti fẹ́ fi wọ́n sínú ẹ́ńjìnì. Kò dá mi lóhùn.

Ohun kan wà tí a kò jiyàn lé lórí: bẹ́ẹ̀tì tuntun ni mo fi sára ẹ́ńjìnì kí a tó lọ, èyí tó ti wà lára rẹ̀ tí kò tíì sán ni mo sì fi sínú àpò. Ohun tó ti ṣiṣẹ́ lára ọkọ̀ rí la mọ̀ dájú pé ó bá ọkọ̀ mu. Èyí tó wà nínú páálí láti ọjọ́ tí a ti rà á, ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà nìkan la ní lórí rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nídìí ọkọ̀ gẹdú náà nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, Òkè-Ẹ̀rí àti Ìjẹ̀bú-Igbó

A kọ́kọ́ yà sí Òkè-Ẹ̀rí láti wo Erédò Sùngbọ́. Odi àti kòtò náà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí odi tó 20 mítà. Igbó ti bo ibi tí a dé, ó tutù, ẹ̀fọn sì pọ̀. A kò pẹ́ níbẹ̀.

Láti ibẹ̀ títí dé Òrù, nǹkan kan ń dún kóró-kóró lẹ́yìn mi. Irú ariwo báyìí kì í ṣe ti ìtìjú nìkan. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, etí ni géèjì tó dájú jù. Tí irinṣẹ́ bá ń pariwo, mi ò ní gbọ́ nígbà tí fáàfù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún tàbí tí bíárìn bá ń ké. Mo dúró, mo tẹ ibí, mo tẹ ọ̀hún. Apá jáàkì ni, ó ti yọ́ kúrò lábẹ́ okùn. Mo ki í bọ inú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́, mo tún un dè, ọkọ̀ sì dákẹ́.

Ti Bọ̀ọ̀dá kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Búùtù Pijó fẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ gan-an ló sì dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí a dé Ìjẹ̀bú-Igbó tó ṣí i, àpótí irin ti rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ti tẹ ike ọ́ìlì kan fọ́, ọ́ìlì sì ti dé ibi agbádá tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Mo dákẹ́. Ọ̀gá kan tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan, tó wá ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ nítòsí ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín: "Ọ̀gá, àpótí yẹn kan náà ni?" Ó bá wa wá pákó líle méjì, ó gé wọn ní ìwọ̀n kan, ó kàn wọ́n mọ́ ara pátákó kan tó tẹ́ sílẹ̀ nínú búùtù, kí àpótí má lè rìn mọ́. Ó tún gé pákó kan fún mi tó nípọn ju èyí tí mo gbé wá lọ, fún abẹ́ jáàkì. Ilẹ̀ ti mu omi yó ní gbogbo agbègbè yìí, jáàkì tí kò bá ní pákó lábẹ́ yóò kàn wọlẹ̀ lọ. Èyí ṣe pàtàkì fún Ìjàpá. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni ihò jáàkì tó bá a wá wà, ìpẹtà sì ti jẹ púpọ̀ nínú àwọn ihò yẹn. Jáàkì ìgò tí mo gbé dáni ń jókòó sí abẹ́ ibòmíràn tó le.

Ìkókorẹ́ lalẹ́, ẹja rẹ̀ pọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, Ìjẹ̀bú-Igbó sí Ìlíṣàn

A padà sí Òrù, a gba Àgọ́-Ìwòyè kọjá lẹ́bàá Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ, a sì mú ọ̀nà Ìlíṣàn. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, kò le. Mo ń lọ jẹ́jẹ́, Bọ̀ọ̀dá ń tẹ̀ lé mi.

Iná pupa dáínámò tàn lójijì, mo sì gbọ́ pákáà lẹ́yìn.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná yẹn ń sọ pé bátìrì kò gba iná mọ́, èèyàn sì lè rọra wakọ̀ délé. Nínú Ìjàpá kò rí bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára, kò ní omi, kò ní rédíétọ̀. Bẹ́ẹ̀tì tó ń yí dáínámò náà ló ń yí fáànù. Tó bá já, ẹ́ńjìnì kò ní ohun tó ń tù ú lára mọ́, ìṣẹ́jú mélòó kan sì tó láti sun ún. Mo pa ẹ́ńjìnì níbẹ̀ gan-an, mo jẹ́ kí ọkọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yí bọ́ sí etí títì.

Sí-kọ́ṣọ̀n kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà mo na ọwọ́ sẹ́yìn ìjókòó, mo mú àpò bẹ́ẹ̀tì. N kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, n kò gbé ìjókòó, n kò tú nǹkan kan sínú òjò. Bọ̀ọ̀dá ti bọ́ọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbòòrùn, ó gbé e sórí ẹ̀yìn ọkọ̀ kí omi má kán sórí ẹ́ńjìnì gbígbóná, òun fúnra rẹ̀ sì ń tutù.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò le fún ẹni tí irinṣẹ́ rẹ̀ pé. Púlì dáínámò jẹ́ abala méjì, bẹ́ẹ̀tì wà láàárín wọn. Gígé kan wà lára abala ti inú. Mo ki orí sukudiráífà gígùn bọ ibẹ̀, mo fi ara rẹ̀ ti orí bóòtù dáínámò kí púlì má lè yí, mo wá fi sípánà 21 tú nọ́ọ̀tì. Abala ti òde jáde, pẹ̀lú àwọn wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín. Wáṣà yìí ló ń pinnu bí bẹ́ẹ̀tì ṣe le tó. Tí a bá yọ díẹ̀ kúrò láàárín, abala méjèèjì á sún mọ́ra, bẹ́ẹ̀tì á gun òkè, á sì le sí i. Tí a bá fi kún un, á dẹ̀. Èyí tí a bá yọ kúrò, abẹ́ nọ́ọ̀tì lóde là ń fi í sí, kí ó má baà sọnù, nítorí ọjọ́ mìíràn a ó tún fẹ́ ẹ.

Ọlọ́kadà kan dúró. "Ẹ kú wàhálà o. Ṣé ẹ̀yìn lẹ̀ ń tún ṣe ni? Iwájú kọ́ ni ẹ́ńjìnì wà?"

Bọ̀ọ̀dá ní, "Tìrẹ ńkọ́, ibo ni tìrẹ wà?" Ọkùnrin náà wo abẹ́ ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá wa di ìdérí ẹ́ńjìnì mú.

Mo fi bẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sí i, mo dè é, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín: ó wọlé ní nǹkan bí mìlímítà 15, bó ṣe yẹ kó rí. Mo ṣíná ọkọ̀, iná pupa kú. Ìdajì wákàtí kò pé.

Èyí tó já, ọjọ́ kejì rẹ̀ lójú ọ̀nà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀tì tuntun o, páálí rẹ̀ ń dán, olùtajà sì ti búra lórí rẹ̀. Ó fà ya ní ẹ̀gbẹ́, okùn inú rẹ̀ tú bí irun àgbàdo. Èyí tó ti gbó ló gbé wa dé Ìlíṣàn. Bọ̀ọ̀dá gba èyí tó já lọ́wọ́ mi, ó fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò, ó ju ú sínú àpótí rẹ̀. Ó ní a lè fi so nǹkan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìlíṣàn, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹ́rù

Ọjọ́ kúkúrú ni mo rò pé yóò jẹ́. A gba ẹ̀gbẹ́ Yunifásítì Babcock jáde ní Ìlíṣàn, a dé Ìkẹ́nnẹ́, ìlú tí wọ́n ti bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1909. A ya fọ́tò ọkọ̀ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí pé ṣàṣà ni ibi tí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń bára wọn dúró mọ́.

Ṣáájú Ìpẹ́rù, abẹ́rẹ́ ìgbóná Pijó gòkè. Hóòsì rédíétọ̀ ti òkè ń tú omi níbi ọrùn rẹ̀. Hóòsì kò ya, kílíìpù rẹ̀ ló ti jẹrà. Ohun tó kéré jù lọ ni, kílíìpù kan àti omi, a sì ní méjèèjì. Pijó ń mu omi, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì ńlá kan wà lẹ́sẹ̀ èrò. Ìjàpá kò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi.

Kílíìpù ni kò rí. Ó wà nínú àpótí, Bọ̀ọ̀dá búra pé ó wà níbẹ̀, òun ló rà á. Ọwọ́ rẹ̀ wá a, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ bá ọwọ́ rẹ̀ wá a. Òòlù jáde, písítìnì méjèèjì jáde, ayùn irin jáde, bẹ́ẹ̀tì àná jáde. Gbogbo wọn tò sórí tápólì ní etí ọ̀nà, àwọn ọmọdé sì yí wa ká bí ìgbà tí a bá ń tajà. Àfìgbà tó dé ìsàlẹ̀ pátápátá ló rí kílíìpù náà nínú agolo wàrà kan, lábẹ́ bóòtù. Kò bínú, kò sì sọ pé ohun tí mo sọ lọ́jọ́rú tọ̀nà. Ó de kílíìpù, ó bu omi sí i díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti tutù, ó fọwọ́. Nígbà tó yá ló wá ní:

"Àwọn àpò kánfáàsì yẹn, èyí tó ṣófo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Mélòó lẹ fẹ́, Bọ̀ọ̀dá?"

"Kó o wá ná."

Ọjọ́ Àìkú, Ṣágámù

Kí oòrùn tó mú, kí ẹ́ńjìnì sì tó gbóná, mo yẹ fáàfù Ìjàpá wò. Ẹ́ńjìnì tútù nìkan là ń yẹ̀ ẹ́ sí, ìdí sì nìyí tí àpò rẹ̀ fi wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú kòtò: iṣẹ́ òwúrọ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́ pàjáwìrì. Sípánà 13, sukudiráífà, fíìlà géèjì ní 0.15 mìlímítà, àti gáskẹ́ẹ̀tì ìdérí fáàfù méjì. Fáàfù kan ti há díẹ̀, mo tú u sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú bùbá. Agbádá ń bẹ lórí okùn.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán la kó gbogbo ẹrù sílẹ̀ nínú ọgbà ilé tí a wọ̀ sí. Ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀ lára sípánà tí kò ní ọ́ìlì, nínú ọjọ́ díẹ̀ péré. Òjò Rẹ́mọ kò ṣeé fojú tínrín. Gbogbo ohun tí ó jẹ́ róbà, mo fi páúdà pa á, mo wé e sínú náílọ́ọ̀nù, mo gbé e kúrò níbi tí òórùn epo ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Sípánà tí ọkọ̀ méjèèjì jọ ń lò la yọ kúrò níbi tí ó ti di méjì. Mìlímítà ni ti Jámánì, mìlímítà náà ni ti Faransé, nítorí náà 10, 13 àti 17 kan náà ń bá wọn mu. Ká ní Morris Minor ló tẹ̀ lé wa ni, ìṣí ni nọ́ọ̀tì tirẹ̀, àpò odidi mìíràn la ó gbé.

Bọ̀ọ̀dá pín àpótí rẹ̀ sí àpò. Ó gba odidi ìrọ̀lẹ́. Hóòsì pẹ̀lú kílíìpù àti sukudiráífà lọ sí ọ̀kan. Púlọ́ọ̀gì, kọ́ńtáàtì àti kọndẹ́nsà lọ sí òmíràn. Ó fi bírò kọ orúkọ sára kánfáàsì, lẹ́tà rẹ̀ gbòòrò. Bóòtù tí kò mọ orúkọ wọn kún kẹ́ẹ̀gì kan tí a gé lórí. Ó ní òun ò ní dà wọ́n nù. Ó gbé písítìnì méjèèjì, ó wò wọ́n pẹ́, ó sì kó wọn fún onílé pé kó bá òun tọ́jú wọn. Onílé kò ní ọkọ̀.

Fáànbẹ́ẹ̀tì tèmi ló kù. Èyí tó wà lára ẹ́ńjìnì ti rìn púpọ̀, àpò rẹ̀ sì ti ṣófo, mi ò sì ní wakọ̀ padà sí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú àpò òfìfo. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ kò ṣí lónìí. Bọ̀ọ̀dá mọ ẹnì kan tó ń ta ti Ìjàpá. A ó sùn níbí, a ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní kùtùkùtù ọjọ́ Ajé pẹ̀lú èyí tó já lọ́wọ́, kí ó wọn ín mọ́ tuntun lójú wa. Méjì ni máa rà. Ọ̀kan yóò wọ ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀, a ó wà á yí Ṣágámù ká títí yóò fi gbóná dáadáa, kí a tó mú ọ̀nà ilé.